Orí Mọ́kànlélógójì Tí Wọ́n Fá ní Àbàtà Wọ́rọ̀

Àwọn amọ̀kòkò Abúlé Ebu, obìnrin mọ́kànlélógójì, ni wọ́n ṣẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ọdún iṣu tuntun ni wọ́n ṣẹ̀ wọ́n, ní ọdún tí eṣú jẹ ọkà gbogbo ìlú, títí kan èyí tó wà lórí àjà. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn. Ẹ mọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, torí ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìtàn náà pa ni lẹ́rìn-ín, ohun tó burú jù nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ó dáa. Ta ni nínú yín tó lè sọ fún mi ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí? Gbogbo yín lẹ ń sọ ọ́. Bí ẹ̀gbọ́n bá ta ilẹ̀ àbúrò láìsọ fún un, ẹ ó sọ ọ́. Bí wọ́n bá dá ọjọ́ ìgbéyàwó láìpe ìyá ìyàwó, ẹ ó tún sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò béèrè rí pé irú èèyàn wo ló fẹ́ fá orí tí kò sí níwájú rẹ̀, tí àgbà fi ní láti kìlọ̀. Ẹnì kan dán an wò. Kódà, mọ́kànlélógójì ló fá lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Òkè-Àfọ̀n. Lẹ́bàá ìlú náà ni àbàtà kan wà tí kì í gbẹ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò, Àbàtà Wọ́rọ̀. Kò sí ẹni tó dá a ní. Àwọn apẹja ń dẹ ìgèrè níbẹ̀, àwọn kan ń já ewé gbòdògì fún àwọn tó ń di ẹ̀kọ, àwọn amọ̀kòkò Abúlé Ebu, tó wà létí ìlú, sì ń wa amọ̀. Àwọn obìnrin yìí ní òfin tiwọn. Ibi tí wọ́n bá ti wa amọ̀ lọ́dún yìí, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó padà síbẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń wà á, tí ọkọ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan yanrìn funfun tó wà lábẹ́ amọ̀, ọkọ́ gbọ́dọ̀ dúró. Ìyá kọ́ ọmọ, ọmọ kọ́ ọmọ-ọmọ, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sára ògiri.

Gbogbo àwọn tó ń jẹ nínú àbàtà náà tún ní àṣà kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe ohun tuntun níbẹ̀, ì báà ṣe igi kan péré ló fẹ́ gbìn, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ jókòó kí wọ́n jiyàn tẹ́rùn. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ tán, onígbàjámọ̀ á fá orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á po irun náà pọ̀, wọ́n á sin ín sí etí àbàtà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ohun tí a pinnu bá yọrí sí rere, gbogbo wa la ṣe é. Bí ó bá sì bàjẹ́, kò sí ẹni tó lè sọ pé irun òun ò sí níbẹ̀.

Ètò yìí falẹ̀, mi ò ní í parọ́ fún yín. Nígbà kan, ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi jiyàn lórí ibi tí wọn ó dẹ ìgèrè kan sí. Ẹni tó ni ìgèrè kú kí wọ́n tó parí, ọmọ rẹ̀ ló wá fárí. Ṣùgbọ́n àbàtà ò gbẹ.

Ó wá kan Olóyè Agbétúyì. Ọ̀tún baálẹ̀ ni, ó ní oko ìrẹsì kan tó gùn láti ìsàlẹ̀ àbàtà títí dé ibi tí ojú ò rí mọ́. Eṣú ti jẹ èyí tó kọ́kọ́ gbìn, èyí tó tún gbìn ń pòǹgbẹ. Ó wá ronú pé bí òun bá la kòtò gba àárín àbàtà, omi á máa ṣàn wá bá òun lóko. Ó pe ìpàdé. Ọjọ́ wo ló pè é? Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ọdún iṣu tuntun, nígbà tí gbogbo amọ̀kòkò ti ru ìkòkò lọ sí ọjà òkè, bí wọ́n ṣe máa ń lọ lọ́dọọdún láti ìgbà ìyá ìyá wọn. Ṣé ẹ rò pé kò mọ̀? Ìkòkò tí wọ́n rù kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lé ní ogójì ẹrù. Ó tún kí wọn pé ẹ ó tà á re.

Ìpàdé náà yá kánkán. Olóyè ní ìlú ni ìrẹsì náà wà fún. Àwọn apẹja gbà, torí ó ní ẹja á máa bá omi wá sínú kòtò, wọn ò ní í wọnú ẹrẹ̀ mọ́. Àwọn eléwé gbà, torí ó sú wọn. Gbàdàmọ́sí onígbàjámọ̀ ṣí àpò abẹ rẹ̀, ó fá wọn tán, ó dúró.

"Orí ò pé, bàbá," ló wí. "Ó ku mọ́kànlélógójì."

"Orí ta ni?" ni Olóyè bi í.

"Ti àwọn amọ̀kòkò."

"Níbo ni orí wọn wà?"

"Ọrùn wọn ni wọ́n gbé e kà, bàbá. Wọ́n sì ti gbé e lọ sọ́jà òkè. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n dé."

"Ìrẹsì mi ò lè dúró fún ọjọ́ mẹ́jọ." Olóyè wo ojú àwọn èèyàn. "Ìrẹsì ìlú, mo fẹ́ sọ."

"Mo gbọ́, bàbá. Irun ni mi ò rí."

Ẹ gbọ́ mi, Gbàdàmọ́sí kì í ṣe èèyàn burúkú. Irú rẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Kò bìkítà bóyá ohun tí wọ́n ń ṣe dára. Kí iye rẹ̀ ṣáà pé. Bí ẹ bá ní kó fá orí òkú, á bi yín pé òkú mélòó.

Olóyè yíjú sí i. "Àwọn obìnrin yìí, ṣé wọ́n kọ̀?"

"Wọn ò sí níbí tí wọn ó fi kọ̀."

"Ẹni tí kò bá kọ̀ ti gbà nìyẹn. Irun lásán ló kù, irun ò sì tó nǹkan tí ìlú ó máa dúró dè. Ẹ lọ kó ìkòkò wọn wá."

Ní ebu, níbi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò, àwọn tó wọ́ lẹ́nu tàbí tí wọn ò jinná dáadáa ṣì wà nílẹ̀. Àmì ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wà lára ìkòkò tó mọ. Wọ́n kó mọ́kànlélógójì wá, wọ́n dojú wọn dé, wọ́n fi ògì lẹ òwú àràbà mọ́ wọn nídìí. Gbogbo wọn wá hewú, wọ́n tò lọ rẹrẹ bí ẹgbẹ́ arúgbó. Gbàdàmọ́sí po ọṣẹ, ó fi ra ti àkọ́kọ́. Ó ti mọ́ ọn lára, ni ó bá ní, "Ẹ tẹrí ba díẹ̀, ìyá." Ìkòkò ò tẹrí ba. Ó fá a. Ó fá èkejì. Níbi ẹ̀kẹta, abẹ kàn án níbi tí kò jinná, ìkòkò là sí méjì.

"Kò pariwo," ni Olóyè sọ. "Ó fara mọ́ ọn."

Ibẹ̀ ni Bàbá Fátúnmbí, olórí àwọn apẹja, ti dìde. Orí rẹ̀ ń dán.

"Olóyè, irun gidi lẹ fá lórí mi. Mi ò gbà kí wọ́n sin irun mi pọ̀ mọ́ òwú. Bí àbàtà yìí bá bàjẹ́ lọ́la, ṣé ìkòkò la ó mú?"

Ẹ má yìn ín. Kì í ṣe pé ó ní kí wọ́n dúró de àwọn amọ̀kòkò. Irun ara rẹ̀ ló ń gbèjà.

"Ó sọ òtítọ́," ni Olóyè wí. "Irun èèyàn ló yẹ. Ẹ pe Ògúnjìmí wá fún mi."

Ògúnjìmí ni ọkùnrin tí irun pọ̀ lára rẹ̀ jù ní Òkè-Àfọ̀n. Irun bò ó látorí dé ọrùn ẹsẹ̀ bí pápá tí wọn ò sun lọ́dún mẹ́wàá. Kò ní iṣẹ́ kan pàtó. Ó máa ń lọ síbi tí wọ́n bá ti ń jẹun, ó sì máa ń gbà pẹ̀lú ohun tí wọ́n bá ń sọ níbẹ̀.

"Ògúnjìmí," ni Olóyè wí, "o fẹ́ràn àwọn amọ̀kòkò, àbí o ò fẹ́ràn wọn?"

"Àkàrà ń bẹ níbẹ̀?"

"Àkàrà kan fún orí kan."

"Mo fẹ́ràn wọn gan-an, bàbá."

"Ìwọ ni aṣojú wọn."

Gbàdàmọ́sí fá orí Ògúnjìmí kanlẹ̀. Ó fa ìlà kan sílẹ̀. "Ọ̀kan. Ó ku ogójì."

"Tún fá a."

"Kò sí nǹkan lórí mọ́, bàbá, àfi awọ."

"Ṣé orí nìkan ni irun wà lára rẹ̀ ni?"

Báyìí ni wọ́n ṣe bọ́ agbádá Ògúnjìmí. Irùngbọ̀n rẹ̀ di amọ̀kòkò méjì, ọ̀tún àti òsì. Ìpéǹpéjú méjèèjì di ìyá kan àti ọmọ rẹ̀. Wọ́n pín àyà rẹ̀ bí ẹni kọ ebè, ó gba èèyàn mẹ́wàá. Wọ́n dà á dojú bolẹ̀, ẹ̀yìn gba mẹ́jọ. Ẹfúnṣeun, obìnrin tó dàgbà jù nínú wọn, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ebu, òun ni wọ́n kà sí abíyá ọ̀tún, nítorí ọlá. Lórí ẹni kejìlélọ́gbọ̀n, Gbàdàmọ́sí wá ọ̀gbẹ́ni náà yíká, ó gbọn abẹ rẹ̀ nù.

"Ó ku mẹ́sàn-án. Ọkùnrin yìí ti tán."

Nígbà tí Ògúnjìmí délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn ọmọ wọn kí òun tó ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì ń bọ̀. Òbúkọ Olóyè ń jẹ èèpo iṣu lẹ́bàá ìpàdé. Ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ. Wọ́n dì í mú. Wọ́n ní òbúkọ á dúró fún àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n kéré jù, torí ọmọdé kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Òbúkọ ní tirẹ̀ láti sọ. Ó kígbe, ó tàpá, nígbà tí Gbàdàmọ́sí sì ka mẹ́fà, ó fò ṣánlẹ̀, ó já, ó fi ìdajì ara tí wọ́n fá wọnú igbó lọ.

"Mẹ́ta ti sá lọ, bàbá," ni Gbàdàmọ́sí wí.

"Wọn ò sá," ni Olóyè dáhùn. "Wọ́n gbà, wọ́n kàn ń kánjú ni. Fa ìlà."

Gbàdàmọ́sí fa ìlà mẹ́ta. Mọ́kànlélógójì pé. Wọ́n po irun gbogbo pọ̀, wọ́n sin ín, Bàbá Fátúnmbí sì wò ó, ó padà jókòó. Irun gidi ni, àbí kí ló tún fẹ́.

Wọ́n fi ọjọ́ méjì la kòtò náà. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ́ dé ibi tí amọ̀ tán, ó kan yanrìn funfun. Kò sí ẹni tó ní kí ọkọ́ dúró, torí àwọn tó mọ̀ wà lọ́jà. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ tiẹ̀ ń dúpẹ́ ni, wọ́n ní yanrìn rọrùn ju amọ̀ lọ. Omi gba inú kòtò lọ sí oko Olóyè fún ọjọ́ mẹ́ta. Olóyè ká ṣòkòtò, ó ń jó nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, omi dúró. Ó kọ́kọ́ yí po lójú kan nínú kòtò bí omi ọbẹ̀ tó ń hó, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: amọ̀ ló di omi àbàtà náà mú. Amọ̀ ni ìdí ìkòkò, àbàtà ni omi inú rẹ̀. Wọ́n ti lu ìdí ìkòkò, yanrìn sì ń mu.

Wọ́n sáré kó òkúta sí ihò náà. Yanrìn mu omi gba àárín òkúta. Wọ́n kó koríko sí i, wọ́n yọ ilẹ̀kùn ilé ìpàdé, wọ́n fi dí i. Olóyè bọ́ agbádá sányán rẹ̀, ó jù ú sí i, agbádá náà yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlẹ̀, wọn ò rí i títí di òní. Wọ́n wá gbé Ògúnjìmí sọ̀ kalẹ̀ kó lọ fi ara dí i, torí òun ni aṣojú. Ó dí i dé ìwọ̀n àyè kan, ṣùgbọ́n ebi pa á, ó jáde. Ní ọjọ́ kẹfà, ẹja àrọ̀ ń wọ́ lórí ẹrẹ̀, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Gbòdògì rọ. Àwọn apẹja kó ẹja fún ọjọ́ kan, irú èyí tí wọn ò kó rí láyé wọn, wọ́n yọ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n dé etí àbàtà, wọn ò rí nǹkan tí wọn ó dẹ ìgèrè sí.

Ìgbà náà ni àwọn amọ̀kòkò dé. Wọ́n bọ́ sí etí àbàtà pẹ̀lú osùká lọ́wọ́, wọ́n dúró. Irun wọn pé lórí wọn, wọ́n tún ti dì í lọ́jà. Ìyá Ebu béèrè pé ta ló la kòtò.

"Gbogbo wa ni, Ìyá Ebu," ni Olóyè dáhùn. "Gbogbo wa la fárí."

"Ẹ wo orí mi."

"Orí kọ́ la ń kà, ìyá. Irun yín wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Gbàdàmọ́sí kà á."

"Gbàdàmọ́sí," ni Ìyá Ebu wí, "ibo lo ti rí irun mi?"

Gbàdàmọ́sí wo ilẹ̀. "Abíyá Ògúnjìmí ni, ìyá. Ti ọ̀tún."

Àwọn obìnrin náà yíjú sí Ògúnjìmí, tó dà bí iṣu tí wọ́n bó.

"Èmi ńkọ́?" ni ọ̀kan bi Gbàdàmọ́sí.

"Ìwọ ni ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀."

"Èmi tí mo kéré jù?"

"Ìwọ…" Gbàdàmọ́sí wúkọ́. "Ìwọ wà nínú igbó. A ò tíì rí ọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn amọ̀kòkò náà rẹ́rìn-ín, títí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀, tí ẹ̀rín rẹ̀ wá yí padà, tí kò ṣeé gbọ́ mọ́. Ìyá Ebu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú àbàtà, ó bu amọ̀ kan, ó fi ọwọ́ fún un pọ̀. Ó fọ́ sí i lọ́wọ́ bí àkàrà àná.

Bàbá Fátúnmbí sún mọ́ ọn. "Ìyá Ebu, ṣé ẹ lè dí i? Ẹ̀yin lẹ mọ amọ̀."

"À bá ti dí i. Lọ́jọ́ tó lu, amọ̀ tútù la ó fi ẹsẹ̀ gún, ọwọ́ mọ́kànlélógójì, a ó ti ṣe é tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n amọ̀ ti gbẹ. Omi la fi ń po amọ̀, Fátúnmbí. Amọ̀ ló sì ń di omi mú. Èwo ni kí n kọ́kọ́ wá fún yín?"



Ẹ ó rò pé Olóyè á tọrọ àforíjì. Ohun tó sọ ni pé irun gbogbo wọn ló wà nílẹ̀, nítorí náà gbogbo wọn ló jẹ̀bi, àwọn amọ̀kòkò ló sì jẹ̀bi jù torí wọ́n mọ̀ nípa yanrìn, wọn ò sì sọ. Àwọn obìnrin hú irun náà jáde. Òórùn òbúkọ gba gbogbo ìlú. Wọ́n gbé e lọ síwájú baálẹ̀, baálẹ̀ gbé imú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà lágbára, ó yẹ kí ìgbìmọ̀ kan jókòó lé e lórí. Wọ́n yan ìgbìmọ̀. Olóyè Agbétúyì ni alága, torí òun ló mọ̀ nípa kòtò náà jù. Wọ́n ní àwọn amọ̀kòkò náà gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan níbẹ̀, kí ó má bàa dà bí ìrẹ́jẹ. Wọ́n yan Ògúnjìmí, nítorí ó ti ṣe iṣẹ́ náà rí, irun rẹ̀ sì ti ń hù bọ̀.

Ìgbìmọ̀ náà jókòó. Nígbà tí wọ́n bi Ògúnjìmí bóyá àwọn tó ń ṣojú fún ní ọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n fi ata díẹ̀ kún àkàrà.

Ẹ̀rùn ọdún náà, obìnrin mẹ́sàn-án di ẹrù wọn, wọ́n bá àna wọn lọ sí ibi tí amọ̀ wà. Lọ́dún kejì, mẹ́rìnlá tún lọ. Àwọn tó kù ń rìn láti àfẹ̀mọ́jú di ọ̀sán kí wọ́n tó rí omi mímu, kí a má tíì sọ ti amọ̀. Ìyá Ebu ò lọ. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Olóyè Agbétúyì. Kì í pariwo, kì í bú ẹnikẹ́ni. Ó máa ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àwọn ọmọ tó ń kọjá gbé e délé, àwọn ìyá wọn gbé e dé ọjà, bí ó ṣe kúrò ní Òkè-Àfọ̀n nìyẹn, tó fi dé ọ̀dọ̀ yín, tí ẹ fi ń sọ ọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ ọ, ẹ má rò pé àgbà ń ṣe ọgbọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni. Abíyá ẹni ẹlẹ́ni ò lè gbà fún ọ. Òbúkọ tó sá wọ igbó ò gbà fún ọ. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, torí bí o bá fá a tán, orí ṣì wà lọ́rùn ẹni tó ni ín, irun rẹ̀ ò dín ní ẹyọ kan, omi nìkan ló lọ.

Lọ́jọ́ ọjà kan, nígbà tó ku mẹ́fà péré lẹ́yìn Ìyá Ebu, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá Ìyá Ebu lọ. Ó sọ gbólóhùn kan mọ́ ti tẹ́lẹ̀.

"Olóyè, ẹ pè wá jókòó, kí a jọ sọ bí àbàtà yìí ṣe máa padà bọ̀ sípò."

Wọ́n gbọ́ bí Olóyè ṣe ń rìn nínú ilé. Wọ́n gbọ́ tó fa àga, tó jókòó. Wọ́n dúró títí oòrùn fi kúrò lójú ògiri, ilẹ̀kùn náà ò ṣí.